Ṣé oje ewé lè gba sẹ́ẹ̀lì ara lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìsàlẹ̀ Afọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 58, láfún ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti ní àtọ̀gbẹ láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Metformin, hóró oògùn tí ń dín ṣúgà kù, ni wọ́n ń lò. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹnì kan ta oje ewé inú ìgò fún wọn ní Tákíè, ó ní ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì kídìnrín, ti ojú àti ti iṣan kí ṣúgà má baà bà wọ́n jẹ́. Ó fi ìwé kan tí yunifásítì ṣe lórí eku hàn wá. Láti ìgbà náà ni màmá ti pa metformin tì. Ẹsẹ̀ wọn tí ó máa ń gún wọn bí abẹ́rẹ́ lóru kò gún wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ṣúgà wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó jẹun, jẹ́ 268. Nínú ewúro, ejìnrìn àti mòríńgà, èwo ló lágbára jù, ife mélòó ni kí wọ́n sì máa mu lóòjọ́ kí sẹ́ẹ̀lì wọn má baà bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ mú màmá lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń gba oògùn tẹ́lẹ̀, lọ́la, kí dókítà tí ó mọ̀ wọ́n sì pinnu bí wọn yóò ṣe padà sí metformin wọn. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀rọ̀ ewé tí ó lágbára jù lè dúró, ṣùgbọ́n 268 kò lè dúró. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó jẹun kì í sábà kọjá 100. Láti 126 sókè ni a ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ohun tí a sì ń lépa fún púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti ní in ni kí ó wà láàárín 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun. Bí màmá bá ń bì, bí inú bá ń run wọ́n, bí wọ́n bá ń mí gúlegúle tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara, ẹ má dúró de ọ̀la rárá, ẹ gbé wọn lọ lóru.

Irú ìwé yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Orúkọ ara ìgò ń yàtọ̀, àdúgbò tí wọ́n ti rà á ń yàtọ̀, láti Sábó dé Ìjẹrù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí ń tà á ń sọ: pé oje náà ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, pé yunifásítì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ń mu ún lè fi hóró oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gidigidi. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí, nítorí pé ọmọ tí ó ń wá ohun tí ìyá rẹ̀ kò fi ní fọ́jú kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò kọ̀wé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kórìíra ewé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ oògùn àti ewé wò nínú yàrá ìwádìí, kí n sì máa kọ́ àwọn tí yóò di dókítà bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fún eku ní oje ewé. Ìdí nìyí tí mo fi mọ ohun tí irú ìwé tí wọ́n fi hàn yín lè sọ, tí mo sì mọ ohun tí kò lè sọ.

Ìbéèrè yín ti gba ohun kan gbọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: pé a lè fi ṣúgà sílẹ̀ lókè, kí a sì máa fi ewé gba sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà.

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí ẹran ara, iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti egungun jẹ́ àkójọpọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn lè dín ṣúgà tí wọ́n ń gbà sínú kù nígbà tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn tí ó tẹ́ inú òpójẹ̀ tín-ín-rín, àwọn tí ó wà níbi tí kídìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹyin ojú, àti àwọn tí ó wà lára iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe pọ̀ tó nínú wọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú, kídìnrín àti ẹsẹ̀ ni àtọ̀gbẹ sábà máa ń bá jà. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń sun ṣúgà kí ó lè di agbára yóò máa ṣiṣẹ́ kọjá ìwọ̀n, yóò sì máa tú irú ọ́síjìn kan jáde tí kì í fara balẹ̀, tí ó ń kọ lu ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Brownlee ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe àlàyé yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ní ọdún 2001. Ohun tí ó bá lè sọ irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Ewé wa kún fún un: ewúro ní in, efinrin ní in, ewé máńgòrò àti ewé kajú tí ó yí ìlú wa ká ní in.

Títí dé ibi tí mo bá a dé yìí, òótọ́ ni ẹni tí ó ta ìgò fún màmá sọ. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti fò láti orí “ewé yìí ní antioxidant” bọ́ sórí “ewé yìí yóò dáàbò bo kídìnrín yín.” Àárín gbólóhùn méjèèjì jìn gan-an, ọ̀pọ̀ ewé ni ó sì ti ṣubú sí àárín rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni ṣúgà ń gbà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì ara títí wọn yóò fi le tí wọn kò ní lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́. Ó ń di nǹkan mìíràn tí ń jẹ́ sorbitol nínú iṣan àti nínú dígí ojú. Ó sì ń mú kí àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín fún, kí wọ́n sì máa jò. Ẹ ti rí ọ̀kan nínú èyí lórí ìwé àyẹ̀wò rí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HbA1c ń wọn ìwọ̀n ṣúgà tí ó ti lẹ̀ mọ́ ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, àti nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ìwé orí eku náà pọ̀. N kò rí èyí tí wọ́n fi hàn yín, ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí. Eku funfun tí a ń sìn nínú àgò kì í sábà ní àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀. Àwa ni a ń fún un ní àtọ̀gbẹ, ohun tí a sì sábà máa ń lò ni kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ alloxan, tàbí òmíràn tí ń jẹ́ streptozotocin. Ní ọdún 1943, ní ìlú Glasgow, ni Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé alloxan ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe insulin, èròjà tí ara fi ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Alloxan jọ ṣúgà. Ìyẹn ni ó fi ń ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ó bá ti wọlé tán, ọ́síjìn tí kì í fara balẹ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ó ń tú jáde, òun náà ni ó sì fi ń pa á.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kà. Ọ́síjìn yẹn gan-an ni ohun ìjà alloxan. Bí a bá wá fún eku ní oje ewé tí ó kún fún antioxidant ṣáájú alloxan, tàbí ní kété tí a fún un tán, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò yè. Oje náà ti gba eku lọ́wọ́ alloxan. Màmá yín kò mu alloxan. Àtọ̀gbẹ wọn, bí ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà, wá láti inú ara tí kò gbọ́ ti insulin dáadáa mọ́, àti láti inú sẹ́ẹ̀lì insulin tí agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà, sẹ́ẹ̀lì insulin ti ènìyàn kì í tètè kú fún alloxan bí ti eku. Ẹni tí iná wọ oko rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ó tètè bu omi pa á, kò tíì kọ́ wa bí a ṣe ń wo oko tí ọ̀dá ti ń dá fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n lò pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n fún eku ní 400 mílígíráàmù oje gbígbẹ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ara eku yára ju tiwa lọ, nítorí náà ìlànà wà tí a fi ń yí ìwọ̀n eku padà sí ti ènìyàn: a ó pín in sí nǹkan bí ọ̀nà mẹ́fà. Ìyẹn yóò fún wa ní nǹkan bí 65 mílígíráàmù fún kílò kan, èyí tí yóò di gíráàmù mẹ́rin àbọ̀ lóòjọ́ fún ẹni tí ó wọ̀n 70 kílò. Oje gbígbẹ ni mo ń sọ o, èyí tí a ti gbẹ omi inú rẹ̀ tán, kì í ṣe ewé. Bí a bá gbà pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ewé gbígbẹ ni ó ń di irú oje bẹ́ẹ̀, ẹni náà yóò nílò gíráàmù 45 ewé gbígbẹ lójoojúmọ́, láìsinmi. Ẹni tí ń ta ìgò kò lè sọ fún yín iye tí ó wà nínú ìṣíbí kan, nítorí pé òun náà kò wọ̀n ọ́n. Ewé tí a já ní ìgbà òjò kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a já nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí a fi omi gbígbóná sè kò sì rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a fi ọtí rẹ. Inú ọtí ni a ti ń yọ púpọ̀ nínú oje tí a ń fún eku, a ó sì wá fẹ́ ọtí náà dànù kí a tó fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ìwádìí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà. Ohun tí a sì ń wọ̀n níbẹ̀ ni àwọn àmì kan nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀ eku, kì í ṣe bóyá eku náà fọ́jú, kì í ṣe bóyá kídìnrín rẹ̀ kọṣẹ́, kì í sì í ṣe bóyá wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí kò sọ ìwádìí náà di asán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún wa ewé tí ó tọ́ kí a tún yẹ̀ wò síwájú sí i, àwọn tí ó kọ ọ́ sì sábà máa ń fi gbólóhùn bẹ́ẹ̀ parí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ àti iná tí kò dúró. Ẹni tí ó gbé ìwé wọn lọ sí ọjà láti fi gba owó lọ́wọ́ aláìsàn ni ó ṣẹ̀ wọ́n, ó sì ṣẹ màmá yín.

Wọ́n tilẹ̀ ti dán antioxidant wò lára ènìyàn, kì í ṣe lára eku. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní HOPE fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 9,000, tí àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn lé ní 3,500, ní fítámì E, ọ̀kan nínú antioxidant tí a mọ̀ jù lọ, tàbí hóró òfìfo tí ó jọ ọ́. Wọ́n ń lo 400 yúníìtì lójoojúmọ́ fún bí ọdún mẹ́rin àbọ̀. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 2000, àti ti àwọn alátọ̀gbẹ lọ́tọ̀ ní ọdún 2002, fítámì E kò dín àrùn ọkàn kù, kò dín rọpárọsẹ̀ kù, kò sì dáàbò bo kídìnrín. Ó dá yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan náà, ramipril, hóró oògùn kékeré kan tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, dín àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú kù. Bí antioxidant tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú, tí a fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fún ọdún púpọ̀, kò bá lè ṣe é, kí ni ẹ̀rí tí a ní pé ìgò tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n yóò ṣe é?

Ẹ óò bi mí pé kí ni ó wá ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Ó wà, a sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ní ọdún 1977 ni àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú àtọ̀gbẹ màmá yín lára wọn, tí iye wọn lé ní 5,000, wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1998. Àwọn tí a ká ṣúgà wọn lọ́wọ́ kò dáadáa, tí HbA1c wọn jẹ́ 7.0 ní ìpíndọ́gba nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 7.9, ìbàjẹ́ tí ń bá òpójẹ̀ tín-ín-rín ojú àti kídìnrín dín kù lára wọn ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí a ká ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́wọ́ kò sí i, tí nọ́ńbà òkè wọn wà ní 144 nígbà tí ti àwọn yòókù wà ní 154, ìbàjẹ́ náà dín kù lára wọn ní ìdá 37, rọpárọsẹ̀ sì dín kù ní ìdá 44. Metformin tí màmá pa tì wà lára oògùn tí wọ́n lò níbẹ̀. Kò sí ohun ìyanu kan nínú rẹ̀: wọ́n dín ṣúgà kù, wọ́n dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, sẹ́ẹ̀lì sì sinmi. Ẹni tí ó fi ṣúgà sílẹ̀ ní 268, tí ó ń wá antioxidant kiri, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Mo sì fẹ́ kí màmá gbọ́ èyí láti ẹnu yín, bóyá yóò mú ọkàn wọn rọ̀ sí hóró oògùn náà: inú ewé ni ọ̀nà metformin ti bẹ̀rẹ̀. Ewé kan tí ń jẹ́ Galega officinalis wà ní Yúróòpù, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò láti ayébáyé fún ẹni tí ń tọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n rí èròjà inú rẹ̀ tí ń dín ṣúgà kù, wọ́n dán an wò, wọ́n sì rí i pé májèlé inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọdún 1922 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kọ́kọ́ ṣe metformin, tí ó jẹ́ ìbátan èròjà náà. Ọdún 1957 ni dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean Sterne, tó kéde bí ó ṣe lò ó fún àwọn aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo igi ápù ṣe fún wa ní èròjà kan tí ń jẹ́ phlorizin ní ọdún 1835, tí ń mú kí kídìnrín da ṣúgà sínú ìtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé lò, nítorí pé ara kì í gbà á dáadáa, ó sì ń yọ inú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe irú dapagliflozin, tí ìwádìí ọdún 2020 fi hàn pé ó ń fa ìkọṣẹ́ kídìnrín sẹ́yìn. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ fún màmá. Ó wọ́n ju metformin lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó tọ́ sí.

Pé ewé ń mú ṣúgà wálẹ̀ kò tilẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń woni. Ẹ̀yin náà mọ iṣin. Èso rẹ̀ tí kò tíì là fúnra rẹ̀ ní májèlé kan tí ń já ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀ débi pé ọmọdé lè bì, kí ó dákú, kí ó sì kú. Kò sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní oògùn àtọ̀gbẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìgò tí ó bá ń mú ṣúgà wálẹ̀ kíákíá. Àwọn kan ń lọ hóró glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Daonil, mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ewé. Ní Singapore ní ọdún 2008, 150 ènìyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá dé ọsibítù nítorí pé ṣúgà wọn já lulẹ̀. Oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ti po glibenclamide mọ́ ni a rí i pé ó fà á, ènìyàn mẹ́rin sì kú. N kò sọ pé bí ìgò tiyín ṣe rí nìyẹn, n kò sì ní ẹ̀rí láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni ní Tákíè. Mo ń sọ pé ẹni tí ó mu ún kò lè mọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC nìkan tàn yín: gbólóhùn kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ sára irú oògùn ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ẹ gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ padà sí ẹsẹ̀ màmá, nítorí pé gbólóhùn yẹn ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ kà á sí ìwòsàn pé ẹsẹ̀ kò gún wọn mọ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Iṣan tí ṣúgà ń bà jẹ́ máa ń gúnni bí abẹ́rẹ́ nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Bí ó bá kú tán, kì í gúnni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í jẹ́ kí a mọ ìgbà tí ìṣó bá wọlé, tàbí tí omi gbígbóná bá bó ni lẹ́sẹ̀. Pẹ̀lú ṣúgà 268, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí nìyẹn títí dókítà yóò fi yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò nira: wọn yóò ní kí màmá di ojú, wọn yóò sì fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbi mélòó kan láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó lọ, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wọn wò lálẹ́ òní, kí ẹ sì máa ṣe é lálaalẹ́. Bí ẹ bá rí egbò, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ó má sì dùn wọ́n rárá, ẹ má fi ewé lé e, ẹ má fi epo pa á, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Màmá kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, àní nínú ilé, pàápàá jù lọ níbi tí wọ́n ti ń sá láfún.

Ní ti ewé tí ẹ bèèrè: kò sí èyí tí mo lè sọ pé ó lágbára jù, kò sì sí iye ife tí mo lè kọ fún yín, nítorí pé kò sí ìwádìí lára ènìyàn tí ó fún wa ní iye náà. Wọ́n kó gbogbo ìwádìí lórí ejìnrìn tí ó tó gbára lé jọ ní ọdún 2012, wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó láti fi sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Màmá lè jẹ ewúro nínú ọbẹ̀, wọ́n lè jẹ ewé mòríńgà bí ẹ̀fọ́; oúnjẹ ni, ó dára. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni kí wọ́n máa fún omi rẹ̀ mu ní ife-ife, tàbí kí wọ́n máa sè é ní àgbo ojoojúmọ́. Ẹni tí ń lo Daonil tàbí tí ń gba abẹ́rẹ́ insulin kò gbọ́dọ̀ pa ejìnrìn pọ̀ mọ́ ọn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Bí òógùn tútù bá bo ènìyàn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, ṣúgà ti já wálẹ̀ nìyẹn, kí ẹ tètè fún un ní omi ṣúgà tàbí mọ́ọ̀tì bí ó bá ṣì lè gbé e mì. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ejìnrìn rárá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yóò ṣe sẹ́ẹ̀lì màmá láǹfààní ju ìgò náà lọ. Ìlú tí a gbé ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ ni ìlú wa, mo sì fẹ́ràn oríkì náà, ṣùgbọ́n ọkà ń di ṣúgà, ẹ̀kọ ń di ṣúgà, láfún tí màmá ń tà ń di ṣúgà pẹ̀lú. N kò ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Kí òkèlè kéré, kí ó má ju ìkúùkù wọn lọ, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja sì pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo. Àwọn tí ń sọ pé kí alátọ̀gbẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú nìkan kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ó bá pọ̀, ṣúgà ni òun náà.

Ohun tí mo kọ síbí kò lè dípò dókítà tí ó fi ojú rí màmá. N kò mọ bí kídìnrín wọn ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni metformin kò yẹ fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ jìnnà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má kàn fún wọn ní hóró tí ó ṣẹ́kù nílé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè fún HbA1c, fún àyẹ̀wò creatinine nínú ẹ̀jẹ̀ àti ti purotéènì nínú ìtọ̀, tí méjèèjì ń fi bí kídìnrín ṣe rí hàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹni tí yóò kán oògùn sí ojú wọn láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, kí ó sọ èyí tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ gbé ìgò náà dání lọ, pẹ̀lú ìwé orí eku náà bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú tàbí nítorí ẹ̀rù ìbáwí. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kídìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ màmá ní ìṣòro, dókítà yóò nílò láti mọ ohun tí wọ́n ti mu fún oṣù méjì, iye ìgbà tí wọ́n ń mu ún lóòjọ́, àti ọjọ́ tí wọ́n mu ún gbẹ̀yìn. Bí ó bá sì ti tán, ẹ gbé ìgò òfìfo náà lọ.